Àwòṣe PhET nínú kíláàsì físíìsì: àbọ̀ olùkọ́ kan lẹ́yìn ọdún méjì

Ohun tó máa ń ni olùkọ́ físíìsì lára jù lọ ni pé púpọ̀ nínú ohun tí ó ń kọ́ ọmọ kò ṣeé fi ojú rí. Kò sí bí mo ṣe lè la wáyà sí méjì kí n fi ohun tí ń ṣàn nínú rẹ̀ han ọmọ SS2. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, n ó ya bátìrì àti gílóòbù sára pátákó, n ó fa ọfà láti ẹnu bátìrì kan lọ sí ẹnu kejì, n ó sì sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ibí ni iná ń gbà. Wọn a dà á kọ, wọn a há a sórí, wọn a sì dá a padà fún mi nígbà ìdánwò bí mo ṣe fún wọn gẹ́lẹ́. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Ẹ̀fọ́ tí mo ń fi ẹnu rò ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn kò yó ẹnikẹ́ni, nítorí pé bí mo bá bi wọ́n ní ìbéèrè tí kò sí nínú ìwé wọn, ìdáhùn wọn a máa fi hàn pé ohun tó wà lọ́kàn wọn nípa iná yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀.

Láti nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn ni mo ti ń lo àwọn àwòṣe orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní PhET, ní ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan ní Ìbàdàn, nínú kíláàsì tí akẹ́kọ̀ọ́ inú rẹ̀ máa ń tó 60. Àbọ̀ ohun tí mo rí ni mo fẹ́ jẹ́ fún àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti fún àwọn òbí tí wọ́n ń béèrè irú ohun tó yẹ kí kọ̀ǹpútà máa ṣe nínú kíláàsì ọmọ wọn.

Carl Wieman, onímọ̀ físíìsì ọmọ Amẹ́ríkà tó wà lára àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2001, ni ó dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀ lọ́dún 2002 ní Yunifásítì Colorado tó wà ní ìlú Boulder, lára owó ẹ̀bùn náà ni ó sì fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ físíìsì nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún, ibẹ̀ sì ni orúkọ rẹ̀, ìyẹn Physics Education Technology, ti wá, ṣùgbọ́n kẹ́mísírì, bàọ́lọ́jì, ìṣirò àti ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé ti kún un lónìí, iye àwòṣe tó wà níbẹ̀ sì ti ju 150 lọ. Ohun tó mú kí n pè wọ́n ní àwòṣe ni pé wọn kì í ṣe fídíò. Ohun tí ẹni tó ṣe fídíò bá fẹ́ nìkan ni ẹni tó ń wò ó lè rí. Nínú àwòṣe PhET, akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ni yóò fa wáyà, tí yóò so ó mọ́ bátìrì, tí yóò yí agbára bátìrì náà sókè tàbí sílẹ̀, ohun gbogbo yóò sì máa ṣẹlẹ̀ níwájú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin físíìsì ṣe là á sílẹ̀. Bí ó bá so ó lódì, kò sí ohùn tí yóò bá a wí, kò sí àmì pupa tí yóò sọ fún un pé ó kùnà. Gílóòbù kò ní tàn ni, ọmọ náà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí rẹ̀. Mo ti rí ọmọ tí kì í dáhùn ìbéèrè kankan nínú kíláàsì nítorí ìbẹ̀rù ẹ̀sín, tó jókòó ti ìdí kọ̀ǹpútà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ó ń tú wáyà tó ń tún un so, tí kò sì gbé ojú sókè títí iná fi tàn.

Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá lọ sí ìkànnì wọn kò ní san kọ́bọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì nílò láti fi orúkọ tàbí nọ́ńbà kankan sílẹ̀ kó tó lè lò ó. Ohun tó ṣe pàtàkì jù fún irú ilé ẹ̀kọ́ tiwa ni pé àwọn àwòṣe tuntun, tí wọ́n kọ ní HTML5, ṣeé gbà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí fáìlì kan ṣoṣo tí bráúsà lásán yóò ṣí láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo máa ń fi dátà fóònù mi gba èyí tí mo nílò sórí kọ̀ǹpútà nílé lálẹ́, n ó fi fíláàṣì kó o fún olùkọ́ tó bá fẹ́, ó parí. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ máa fojú fo àwọn àwòṣe àtijọ́ tí wọ́n fi Java tàbí Flash ṣe, nítorí pé bráúsà òde òní kì í ṣí wọn bẹ́ẹ̀, wọn kò sì wúlò lórí fóònù. Ẹ gba iná sínú kọ̀ǹpútà kó kún dáadáa kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ má sì fi ọkàn tán iná ìjọba.

Èyí tí mo ti lò jù ni àwòṣe títo iná, ìyẹn Circuit Construction Kit. Bátìrì, wáyà, gílóòbù, súwíìṣì àti ohun èlò ìdíwọ̀n wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì máa fà wọ́n bọ́ sójú pápá. Bí iná bá ti ń ṣàn, yóò máa rí àwọn ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ búlúù kéékèèké tí wọ́n dúró fún electron, ìyẹn àwọn ohun tín-ín-tín tí ìrìn wọn nínú wáyà ń jẹ́ iná, bí wọ́n ṣe ń rìn yí ká. Bí ó bá sì fẹ́ rí ìṣàn iná bí ìwé físíìsì ṣe máa ń yà á, ìyẹn láti orí ẹnu bátìrì tó ní àmì àròpọ̀, ó lè pàṣẹ kí ọfà rọ́pò ìlẹ̀kẹ̀. Bọ́tìnnì kan tún wà tí yóò sọ àwòrán bátìrì àti gílóòbù di àmì tí a máa ń yà sínú ìwé. Ẹni tí kò bá tíì kọ́ni ní físíìsì lè má mọ iyì bọ́tìnnì yìí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló lè to iná tó ń tàn, tí wọ́n sì lè ya àmì sínú ìwé, síbẹ̀ tí wọn kò mọ̀ pé ohun kan náà ni àwọn méjèèjì. Nígbà tí wọ́n bá rí i tí ọ̀kan yí padà di èkejì lójú wọn, ọ̀rọ̀ náà yanjú láìsí pé mo la ẹnu.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ bí mo ṣe kọ́kọ́ lò ó, nítorí pé mi ò lò ó dáadáa. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo gbé àwòrán náà sára ògiri pẹ̀lú pírójẹ́kítọ̀ tí a yá, mo sì fi ohun gbogbo hàn wọ́n fúnra mi, láti orí bátìrì kan títí dé orí gílóòbù mẹ́ta. Inú àwọn ọmọ dùn, wọ́n pàtẹ́wọ́. Nígbà tí mo bi wọ́n ní ìbéèrè ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ìdáhùn àtijọ́ náà ni wọ́n fún mi. Ìran ni wọ́n wá wò lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo ronú, èmi ni mo fa wáyà, èmi ni mo rí ìyàlẹ́nu, tiwọn kò ju kí wọ́n jókòó.

Ohun tó tún iṣẹ́ mi ṣe ni ohun kan tí gbogbo wa ti mọ̀ láti kékeré. Nígbà tí àgbàlagbà bá ń pa àlọ́ àpamọ̀ fún àwọn ọmọ, tí ó bá ní "Òkun ń hó yaya, ọ̀sà ń hó yaya, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́", kì í sọ fún wọn pé ọmọrogùn ni kí wọ́n tó gbìyànjú. Yóò jẹ́ kí ọ̀kan sọ pé ẹja ni, kí òmíràn sọ pé ọkọ̀ ojú omi ni, kí ẹ̀kẹta bínú pé kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìdáhùn bá fi máa jáde, gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀ ti ní ohun tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹni tó gbà á àti ẹni tó kùnà kò sì ní gbàgbé rẹ̀ mọ́. Báyìí ni mo ṣe ń lo àwòṣe láti ìgbà náà. Ìbéèrè ni yóò kọ́kọ́ wá, àbá àwọn ọmọ yóò tẹ̀lé e, ẹ̀yìn èyí ni a óò tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀kọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Mo to bátìrì 9 fóltì kan àti gílóòbù méjì sójú wáyà kan ṣoṣo, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, ṣùgbọ́n mo fi súwíìṣì sílẹ̀ láìtàn án. Mo ní kí gbogbo kíláàsì kọ ọ́ sínú ìwé wọn, gílóòbù wo ni yóò mọ́lẹ̀ jù, kí ló sì dé. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí wọ́n nawọ́. Àwọn tó ju ìdajì lọ gbà pé gílóòbù àkọ́kọ́ ni yóò mọ́lẹ̀ jù, akẹ́kọ̀ọ́ kan sì ṣàlàyé rẹ̀ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ìdí ìkòkò ni yóò bu ẹran tó pọ̀, ìyókù ni ẹni tó tẹ̀lé e yóò bá. Gbogbo kíláàsì gbà pé ó sọ òótọ́. Mo pe ọmọ náà wá síwájú pé kó wá tan súwíìṣì náà fúnra rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ méjèèjì dọ́gba. Ó pa á, ó tún un tàn. Ó ní kí n jẹ́ kí òun yí bátìrì padà sí ìdàkejì, ó yí i, ìmọ́lẹ̀ ṣì dọ́gba. Ọmọ mìíràn ní kí a fi ámítà, ohun èlò tí ń wọn bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó, wọ̀n ọ́, wọ́n sì fi í sí ṣáájú gílóòbù àkọ́kọ́, sí àárín méjèèjì, àti sí ẹ̀yìn èkejì. Níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, 0.45 ni ó kà.

Ìgbà yẹn ni mo tó ní ohun tí mo lè kọ́ wọn. Wọ́n tẹjú mọ́ àwọn ìlẹ̀kẹ̀ búlúù náà, wọ́n sì rí i pé gbogbo wọn ló ń gbéra pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n sì ń dúró pọ̀, àti pé iye tó wọ inú gílóòbù náà ló ń jáde. Kò sí èyí tó jẹ nínú wọn. Ó ṣe díẹ̀, ọmọkùnrin kan láti ẹ̀yìn ní ó dà bíi ṣéènì kẹ̀kẹ́: bí ẹsẹ̀ bá ti te pẹ́dà, gbogbo ṣéènì ló ń yí, kẹ̀kẹ́ sì ń rìn, ṣùgbọ́n ṣéènì kò dín. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń kọ́ni, n kò rí àfiwé tó mọ́ tónítóní tó báyìí nínú ìwé kankan tí mo lò. Láti orí ṣéènì ni a ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ agbára, pé agbára ni bátìrì ń fún gílóòbù, àwọn ìlẹ̀kẹ̀ náà sì ni ó ń gbà dé ibẹ̀. Nígbà tí a wá to gílóòbù méjèèjì ní ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́, kí oníkálukú ní ọ̀nà tirẹ̀ sí bátìrì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 0.9 tí àpapọ̀ rẹ̀ lẹ́nu bátìrì sì di 1.8, kò sí ẹni tó ní kí n sọ ìdí tí gílóòbù pálọ̀ fi ń tàn nígbà tí ti yàrá bá jó, nítorí pé àwọn ni wọ́n sọ ọ́ fún mi.

Ohun mìíràn wà nínú àwòṣe yìí tó yẹ kí òbí mọ̀. Bí ọmọ bá fi wáyà lásán so ẹnu bátìrì méjèèjì pọ̀, ọwọ́ iná yóò bẹ́ jáde lára bátìrì náà lójú kọ̀ǹpútà, gbogbo ọmọ a sì pariwo. Lórí tábìlì gidi, àṣìṣe yìí lè jó ọwọ́ ọmọ, ó sì dájú pé yóò ba bátìrì tí ilé ẹ̀kọ́ kò ní owó àtirà padà jẹ́. Nínú àwòṣe, ọmọ yóò mọ ohun tí ń jẹ́ kí bátìrì gbiná láìsí pé ara ẹnikẹ́ni bó. Owó bébà, owó ẹyọ, pẹ́ńsù, kílíìpù ìwé, ọwọ́ ènìyàn, títí kan ajá, wà níbẹ̀ tí wọ́n lè fi dí àlàfo àárín wáyà láti mọ èyí tí iná ń gbà kọjá. Ẹ rán wọn létí pé orí kọ̀ǹpútà nìkan ni a ti lè fi ọwọ́ tàbí ajá dán irú rẹ̀ wò, kí ẹ sì sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Lọ́dún 2005, àwọn tó ṣe àwòṣe yìí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n fún apá kan lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ní bátìrì, wáyà àti gílóòbù gidi, wọ́n sì fún apá kejì ní àwòṣe. Àwọn tó lo àwòṣe ló dáhùn ìbéèrè òye dáadáa jù, nígbà tí wọ́n sì ní kí gbogbo wọn wá to iná gidi, àwọn náà ló tún ta yọ. Mo gba àbájáde yìí gbọ́ nítorí pé ó bá ohun tí mo rí mu, ṣùgbọ́n ó yẹ kí olùkà rántí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni wọ́n lò, ẹni tó ni iṣẹ́ sì wà lára àwọn tó wọ̀n ọ́n. Tiwa yàtọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ wa kò tíì fọwọ́ kan ámítà gidi rí, WAEC sì ní ìwé kẹta nínú físíìsì tó jẹ́ pé ohun èlò gidi ni yóò wà níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìdí nìyí tí n kò fi jẹ́ kí àwòṣe gba ipò yàrá àyẹ̀wò láé, ẹ̀kọ́ nípa ohun tí ń fì ni ó sì fi èyí yé mi jù. Nínú àwòṣe PhET tó wà fún un, ìyẹn Pendulum Lab, akẹ́kọ̀ọ́ lè yí gígùn okùn padà, kó yí ìwúwo padà, kó sì gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí òṣùpá tàbí Júpítà. Mo bi wọ́n bóyá ohun tó wúwo ni yóò yára fì jù, gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n yí ìwúwo padà, àkókò kò yí. Wọ́n dín okùn mítà kan kù sí ìdá mẹ́rin rẹ̀, àkókò àlọ-àbọ̀ kan sì bọ́ láti nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 2 sí 1, ìgbà tí wọ́n rí i pé ìdajì ni kì í ṣe ìdá mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ rúùtù onígun mẹ́rin tó ń dẹ́rù bà wọ́n nínú ìṣirò tó wá ní ìtumọ̀. Ní orí òṣùpá, okùn mítà kan náà gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 5. Ayé kan tún wà níbẹ̀ tí wọ́n pè ní Planet X, tí wọn kò sọ òòfà ilẹ̀ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò wọn àkókò tí yóò sì ṣírò rẹ̀. Iṣẹ́ yìí ni mo máa ń fún wọn ṣe gẹ́gẹ́ bí ìdánwò kékeré, n kò sì tíì rí ìbéèrè inú ìwé tí wọ́n ń dìde lé lórí bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, nínú àwòṣe, nọ́ńbà máa ń bọ́ síbi tó yẹ ní gbogbo ìgbà. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́ àyàfi bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi í síbẹ̀, okùn kò lọ́, ọwọ́ ẹni tó ń tẹ aago kò pẹ́. Ní ọjọ́ kejì, a fi okùn ìránṣọ so kọ́kọ́rọ́ àgádágodo mọ́ férémù ilẹ̀kùn, a sì ka ìgbà 20 tó lọ tó bọ̀. Ohun tí mo retí ni ìṣẹ́jú àáyá 40. Ẹgbẹ́ kan rí 39.2, òmíràn rí 41.5, ẹ̀kẹta ka 19 dípò 20. Ariyànjiyàn tó bẹ́ sílẹ̀ nípa ẹni tó tọ̀nà ni ẹ̀kọ́ nípa àṣìṣe ìdíwọ̀n tó dára jù lọ tí mo ti ṣe, kọ̀ǹpútà kò sì lè ṣe é fún mi. Olùkọ́ tó bá lo àwòṣe láìgbé okùn àti òkúta lé àwọn ọmọ lọ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀ ń kọ́ wọn pé ayé kì í ṣàṣìṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ àwọn ìlẹ̀kẹ̀ búlúù. Ó ti ṣẹlẹ̀ pé ọmọ kọ ọ́ sínú ìdánwò pé àwọ̀ electron jẹ́ búlúù. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ pé àpèjúwe ni èyí, bí a ṣe ń fi àwọ̀ ewéko ya igbó sínú máàpù.

Àwọn olùkọ́ máa ń bi mí bí kọ̀ǹpútà kan ṣe lè tó ọmọ 60. Kò tó, ṣùgbọ́n ó ṣeé lò bí ìbéèrè bá dára. Bí mo bá rí pírójẹ́kítọ̀, gbogbo kíláàsì ni yóò dá àbá, akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò sì wá ṣe é. Bí n kò bá rí, mo máa ń pín wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́fà, ẹgbẹ́ kan wà nídìí kọ̀ǹpútà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwọn yòókù wà nídìí bátìrì tọ́ọ̀ṣì tàbí ìwé, wọn yóò sì máa yí ipò padà. Ó gba ọ̀sẹ̀ méjì kí gbogbo wọn tó kárí. Ibi tó nira jù rèé, n kò sì fẹ́ fi í pa mọ́: ìmúrasílẹ̀ ẹ̀kọ́ kan báyìí máa ń gbà mí ní wákàtí méjì sí mẹ́ta, nígbà tí ẹ̀kọ́ orí pátákó kò gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ.

Mo máa ń fi èyí wé Ọpọ́n Ìmọ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé jáde lọ́dún 2013 fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama àgbà. Ìwé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ 17 àti àwọn ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá ni wọ́n kó sínú ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tí ọmọ lè gbé lọ́wọ́. Èrò náà tóbi, orúkọ rẹ̀ tó ń rán ni létí ọpọ́n Ifá sì bá ìmọ̀ mu. Ohun tí ó gbé sí ọmọ lọ́wọ́ jù ni ìwé, ìwé sì dára, pàápàá níbi tí òbí kò ti lè rà á. Ṣùgbọ́n ìwé inú ẹ̀rọ ṣì jẹ́ ìwé, ìbéèrè àtẹ̀yìnwá sì ṣì ní ìdáhùn kan ṣoṣo tí ẹlòmíràn ti mọ̀. Bí ìjọba kan bá tún fẹ́ ra ẹ̀rọ fún àwọn ọmọ, ohun tí mo fẹ́ kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni kí ni ọmọ yóò lè ṣe pẹ̀lú rẹ̀ tí kò lè ṣe pẹ̀lú ìwé.

Èdè ni ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ tó wà lójú àwòṣe kò pọ̀, nítorí náà, mo lè fi Yorùbá bá àwọn ọmọ jiyàn nípa ohun tí wọ́n rí, kí n tó fún wọn ní orúkọ tí WAEC ń pè é. Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Mọ̀dákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìyókù fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti ìdajì ọ̀nà lọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe PhET fi ààyè sílẹ̀ kí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ ojú àwòṣe, ó sì ti wà ní èdè tó ju 100 lọ. Iṣẹ́ tí olùkọ́ físíìsì àti olùkọ́ Yorùbá lè jókòó ṣe pọ̀ nìyí láàárín ìsinmi kan, kí wọ́n jọ wá ọ̀rọ̀ tí yóò yé ọmọ fún ohun tí à ń pè ní fóltéèjì.

Nípa ti kẹ́mísírì àti ìṣirò, n kò lè sọ púpọ̀, nítorí pé wọn kì í ṣe iṣẹ́ mi. Olùkọ́ kẹ́mísírì wa ń lo èyí tó wà fún ìdọ́gba ìṣirò kẹ́míkà, ó sì ní eré onípele mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀ ń mú àwọn ọmọ ṣiṣẹ́ ju bí òun ṣe rò lọ. Mo fi èyí tó wà fún ìdá nọ́ńbà kọ́ ọmọ mi nílé, ó sì wúlò.

Ní ìparí sáà tó kọjá, mo ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi páálí kọ́ ilé oníyàrá méjì, kí wọ́n kọ́kọ́ to iná rẹ̀ nínú àwòṣe, kí wọ́n sì wá fi wáyà, bátìrì àti gílóòbù tọ́ọ̀ṣì tò ó ní ti gidi. Ẹgbẹ́ kan fẹ́ kí iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn ṣeé tàn láti ìpẹ̀kun méjèèjì, bí wọ́n ṣe rí i ní ilé alájà kan. Súwíìṣì inú àwòṣe kò ní irú èyí, ẹnu méjì péré ló ní. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi rò ó. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ti fi kílíìpù ìwé àti píìnì ṣe súwíìṣì ẹlẹ́nu mẹ́ta méjì lára páálí, kílíìpù náà ń yí láti orí píìnì kan sí èkejì, iná sì ń tàn, ó sì ń kú láti ìhà méjèèjì. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ló béèrè ìbéèrè tí a ṣì wà lórí rẹ̀. Ó fẹ́ mọ ìdí tí iná ilé wọn fi máa ń rẹ̀wẹ̀sì ní alẹ́ nígbà tí gbogbo àdúgbò bá tan iná wọn, nígbà tí mo ti sọ pé ìtò ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́ kì í jẹ́ kí gílóòbù kan dí èkejì lọ́wọ́. Nínú àwòṣe, ààyè kan wà tí a ti lè jẹ́ kí wáyà fúnra rẹ̀ máa dènà iná díẹ̀. Mo fi hàn án, mo sì kúrò níbẹ̀. Ó gbé ìdènà inú wáyà náà sókè díẹ̀, ó to gílóòbù kan, ó to èkejì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó to ẹ̀kẹta, gbogbo wọn sì ń ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀ bí ó ṣe ń kún wọn. Ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá wò ó. Nígbà tí agogo lù, ó ti ṣí ìwé rẹ̀, ó ń ya òpó iná tó wà ní ìkóríta àdúgbò wọn, àwọn ilé tó wà lójú wáyà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, àti ilé tiwọn ní ìpẹ̀kun pátápátá.